Má Jẹ́ Kí Omi Sùn Nílé Ẹṣin

Ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìjọsìn.

Ìbùkún, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn kò ro mí,

Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí wọ́n fún ọ níbẹ̀ ní fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé? Àlàáfíà ni àwa wà. Bàbá rẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé rédíò sétí, ó ń ṣe bí ẹni pé òun kò mọ ohun tí mò ń kọ. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tó ń yọjú wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ tí o ti pè wá pé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ dókítà ẹranko ní ọgbà ẹṣin tó wà lẹ́yìn Ìlọrin, ayọ̀ náà kò tíì kúrò nínú ilé yìí. Iyán ni mò ń gún nígbà tí fóònù dún. Bí mo ti gbọ́ "Màámi, wọ́n gbà mí o!" ni mo fi ọmọ odó sílẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ìyá Káyọ̀dé tó múlé tì wá sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ló ta mí. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí jó. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní inú òun dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan jọ̀wọ́ gún iyán náà tán.

Ẹṣin méjìlá! Ajá, àgùntàn àti adìyẹ tún wà pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọmọ tí mo bí!

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ wá. Ẹ̀rín la máa rín títí owó orí fóònù á fi tán. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí gun, mo sì fẹ́ kí o ní i lọ́wọ́, kí o lè tún un kà lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀.

Ìwọ lo kàwé, Ìbùkún. Àwọn àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé wọ ara ẹranko, o mọ orúkọ wọn ju bí èmi ti lè pè é lọ. Ohun tí èmi mọ̀ ni ibi tí omi máa ń sá pamọ́ sí. Àṣìṣe ló sì kọ́ mi. O ti gbọ́ pé mo bá Olóyè Fálànà tọ́jú ẹṣin kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, ṣùgbọ́n n kò sọ ìtàn náà tán fún ọ rí, torí ojú ń tì mí. Ní báyìí tí wọ́n ti fi ẹṣin lé ìwọ náà lọ́wọ́, ìtìjú mi kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, n kò sì rí iṣẹ́ ìjọba. Olóyè Fálànà jẹ́ àgbàlagbà tó ti ṣòwò kòkó títí tó fi sinmi. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Nígbà tí ilé wá dá jù fún un, ó ra abo ẹṣin kan lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹṣin tó wá láti Òkè-Ọya. Ẹṣin náà pọ́n bí epo tuntun, ó ní àmì funfun kan níwájú orí, ó sì ti lóyún nígbà tí wọ́n mú un dé. Baba sọ ọ́ ní Ìyàwó. Bí Baba bá ní, "Ìyàwó mi kò tíì jẹun," àlejò á máa wo ọ̀nà ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wáṣẹ́, ó bi mí pé, "Ọmọ yìí, ṣé o mọ ẹṣin?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà."

Nínú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, Ìbùkún. N kò fọwọ́ kan ẹṣin rí.

Baba fi ọwọ́ lé èjìká mi. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi ti dàgbà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ń wò lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ rí ọmọ ẹṣin kan kó máa sáré kiri ulé yìí kí n tó lọ. Bá mi ṣọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń pè é, ulé, nítorí ojúlówó ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni.

Ohun tí mo gbà ṣọ́ nìyẹn. Ohun tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kìíní, ọmọ mi, omi ni. Kànga ilé Baba wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilé ẹṣin sì wà lókè. Ó rẹ̀ mí láti máa pọn omi lójoojúmọ́. Mo wá ronú ọgbọ́n kan. Mo to dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta sẹ́yìn ilé ẹṣin, mo gbé ìkòkò ńlá kan tì í, mo ń pọnmi kún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. N kò dé wọn lórí. Òjò tún ń rọ̀ kún un. Mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n! Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, mo tún máa ń so Ìyàwó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn dúrọ́ọ̀mù náà, kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ lè rí i, kí wọ́n sì bi ara wọn pé ta ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹṣin tó ń dán báyìí. Ìyàwó á máa fi ìrù na ara rẹ̀, á máa gbọn etí, á máa ta ẹsẹ̀. Mo rò pé ijó ló ń jó.

Lọ́jọ́ kan ni wolé-wolé dé.

Ìwọ kò bá àkókò àwọn wolé-wolé nígbà tí ẹ̀rù wọn ń bani. Bí wọ́n bá ti yọ lórí òpópónà pẹ̀lú káàkí àti ọ̀pá lọ́wọ́, ilé gbogbo á máa da omi nù, àwọn ìyá á máa sáré gbálẹ̀. Èyí tó wá lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó kí Baba, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ tààrà sẹ́yìn ilé ẹṣin.

Ó pè mí. "Arábìnrin, kí lèyí?"

"Omi ni, sà."

"Kí ló ń jó nínú omi?"

Mo bojú wo inú dúrọ́ọ̀mù. Tanwíjí! Wọ́n pọ̀ bí ìrẹsì nínú ìkòkò, wọ́n ń gbé ara sókè, wọ́n ń ju ìdí sílẹ̀. Èmi tí mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo gbé ojú mi sókè, mo ní, "Ọmọ ẹja ni, sà. Baba ń sin ẹja."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìgò kan tó mọ́ látinú àpò rẹ̀, ó bu omi náà sí i, ó fi aṣọ tín-ín-rín bo ẹnu rẹ̀, ó sì fi òwú dì í. Ó gbé e sójú fèrèsé mi.

Ó ní, "Bá mi ṣọ́ àwọn ẹja yìí. Màá padà wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n da èyí tó kù nù."

N kò dà á nù. Omi tí mo fi orí mi rù láti ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Mo ní ta ni òun.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, ó padà dé. Baba jókòó lórí àga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wolé-wolé gbé ìgò náà wá síwájú Baba. Kò sí tanwíjí mọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn ló kún ún, wọ́n ń kùn, wọ́n ń forí sọ aṣọ.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Arábìnrin, ẹja yín ti hu ìyẹ́."

Ìbùkún, Baba rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo yí gbogbo dúrọ́ọ̀mù dojú dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò, kò gbà ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ nígbà ooru. Nítorí náà, má jẹ́ kí omi kankan sùn pẹ́ nílé ẹṣin rẹ. Omi mímu wọn, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe kí ẹ dà á nù nìkan o, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ọpọ́n náà, torí ẹyin ẹ̀fọn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ẹ bá gbọ́dọ̀ tọ́jú pamọ́, ẹ dé e pinpin. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ìwọ fúnra rẹ rìn yí ọgbà náà ká, kí o máa tẹ orí ba bí ẹni tó sọ yẹtí nù. Wo inú táyà àtijọ́. Wo gọ́tà orí òrùlé níbi tí ewé ti dí i. Wo tapólì tí wọ́n fi bo koríko, ibi tó bá ti wọ inú. Wo igbá, agolo, àti ike tí wọ́n ti jù sílẹ̀. Wo ojú pátákò: níbi tí ẹṣin bá ti tẹ ẹrẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwo omi kékeré. Ẹ da yanrìn sí i. Níhìn-ín, inú kòtò orí àpáta ni omi ti ń bá wa ṣọ̀tá. Ibi tí tìrẹ máa ti bá ọ ṣọ̀tá, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Kékeré la ti í ké igi ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Tanwíjí kò lè fò sá fún ọ. Ẹ̀fọn lè fò.

Ǹjẹ́ kí n padà sórí ìtàn mi, nítorí pé ìtìjú gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Mo ti da omi nù, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ti fò kúrò níbẹ̀ kò gbọ́ pé mo ti ronú pìwà dà. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìyàwó kò parí èérí àgbàdo tí mo pò fún un. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó ń ka àdúrà sínú. Mo ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan ló há síbẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ ara wọn.

Ǹjẹ́ mo sọ fún Baba? N kò sọ. Láràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, "Ìyàwó ńkọ́?" Láràárọ̀ ni mò ń dáhùn pé, "Ó wà dáadáa, sà." Mo rò pé á lọ fúnra rẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lé mi, àwọn ará ilé wa á sì máa sọ pé ẹṣin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ tún burú. Mo kó èfínrín tútù àti koríko jọ sínú ilé ẹṣin, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń dáná èéfín kí ẹ̀fọn lè kú. Ẹ̀fọn kò kú. Ìyàwó ló ń húkọ́, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Mo tún mú kẹrosíìnì, mo fi ra á lẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ wú, irun ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ẹranko tó ń ṣàìsàn, mo tún fi iná kún ara rẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká mi nígbà tí mò ń fi omi fọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé èmi ló fà á. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ọmọ mi, mo sunkún gidi.

Lẹ́yìn ẹkún náà ni mo jáde lọ bá Baba lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: omi, èéfín, kẹrosíìnì, àti irọ́ tí mò ń pa láràárọ̀.

Baba wo ọ̀nà ilé ẹṣin. Ó wá ní, "Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Ọjọ́ mẹ́ta." Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀. "Dìde nílẹ̀. Ẹṣin ló dùbúlẹ̀, ìwọ kọ́. Lọ pe ẹni tó mọ̀."

Ó tọ́ kí n kọ èyí sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kejì: àìsàn tí a bá gbé pamọ́ kì í gbóògùn. Àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jẹ́ kí ó rọrùn fún wọn láti sọ àṣìṣe wọn fún ọ. Bí ẹni tó gbàgbé láti ti àwọ̀n fèrèsé bá mọ̀ pé o máa pariwo mọ́ òun, kò ní sọ, ẹṣin ni yóò sì jẹ ìyà náà. Bí Baba ti ṣe sí mi ni kí o ṣe sí wọn. Ohunkóhun tí wọn kò bá ṣe fún ara ẹṣin, má jẹ́ kí wọ́n fi ra ẹṣin, kò báà jẹ́ pé ìyá ìyá wọn ló kọ́ wọn. Má sì jẹ́ kí wọ́n há ẹranko mọ́ inú èéfín. Kí wọ́n mú wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí àwọ̀n wà lójú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, kí fáànù sì máa fẹ́ bí iná bá wà. Ẹ̀fọn kò lágbára níwájú afẹ́fẹ́.

Ọkùnrin kan láti òpópónà wa gun alùpùpù lọ sí Adó lọ pe dókítà ẹranko. Kó tó dé, Ìyàwó ṣubú, kò sì lè dìde mọ́. Ẹnì kan kígbe lójú pópó pé, "Ìyàwó Baba ti ṣubú o! Ìyàwó Baba kò lè dìde!"

Ìbùkún, ká ní o mọ ohun tí igbe yẹn fà! Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn pé Olóyè Fálànà ti fẹ́ ìyàwó tuntun láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àti pé ìyàwó náà wà lẹ́nu ikú. Wọ́n tú ìpàdé ká. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n gbé aṣọ ìbora, wọ́n kọrin wọ inú ọgbà. Ìyá àgbà tó ṣíwájú wọn ní, "Níbo ni ìyàwó wa wà?" Mo na ọwọ́ sí ilé ẹṣin. Wọ́n wọlé, orin dá lẹ́nu wọn.

Ìyá àgbà wo ẹṣin, ó wo Baba, ó tún wo ẹṣin. Ó ní, "Ó dára. Aláìsàn ni aláìsàn ń jẹ́. Ẹ gbé ìbora yẹn wá."

Wọn kò padà sílé. Àwọn kan lọ gé koríko tútù. Àwọn kan gbálẹ̀, wọ́n kó koríko gbígbẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ara rẹ̀ má baà bó. Ẹ̀kọ tí wọ́n gbé wá, èmi àti Baba la mu ún.

Nígbà tí dókítà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù. Ó kọ́kọ́ bá mi wí pé mo fi ọwọ́ lásán ki ẹnu ẹṣin tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, nítorí pé dìgbòlùgi náà lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wá sọ fún Baba pé, "Baba, àìsàn tó ń mú ẹsẹ̀ ẹṣin rọ pọ̀, n kò sì ní fi ojú lásán búra. Ṣùgbọ́n èyí jọ èyí tí ẹ̀fọn máa ń gbé láti ara ẹyẹ wá sára ẹṣin."

Baba ní, "Ṣé á ran ẹlòmíràn?"

"Ẹṣin kì í fún ẹṣin, Baba. Ẹ̀fọn ló ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí oògùn tó ń pa á. Ìtọ́jú ni. Ẹ má jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ́, ẹ fún un lómi, ẹ fi í sí ibòòji. Bí ẹ bá lè gbé e dìde, á lè mú un yè."

Báwo la ṣe fẹ́ gbé ẹṣin aboyún dìde? Wolé-wolé ló dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ti dé, láìsí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wo ilé tí Baba ń sá kòkó sí tẹ́lẹ̀, ó wo igi àjà rẹ̀ tó nípọn. Ó ní kí wọ́n mú àpò kòkó wá. Télọ̀ tó wà ní ìsọdá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sínú ọgbà, ó rán àpò mẹ́fà pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po títí tó fi dà bí ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá fa okùn. "Ó yá, ẹ gbé e! Ẹ tún gbé e!" Ìyàwó dìde nínú ọ̀já rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ ń wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn aṣiwèrè wọ̀nyí ń ṣe. Wolé-wolé ni ẹ̀gún igi àjà ya ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo bá a dì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ló lò nínú ọ̀já yẹn. Lójoojúmọ́, mò ń fi ọwọ́ fún un lómi, mò ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, mo sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọge kan ládùúgbò bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Bí mo bá ti rí àyè, èmi àti wolé-wolé á máa lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò náà, a ó máa da omi nù, a ó máa di kòtò. Kò kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀ fún kóòtù. Ó kàn ń gbé ìgò rẹ̀ hàn wọ́n ni. Gbogbo ilé tó bá ti rí ìgò náà, àwọn fúnra wọn ló ń sáré wá omi tí wọ́n máa dà nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo wọlé, mo rí i pé ọ̀já náà ti dẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń jẹ àpò kòkó.

Mo kígbe. Baba jáde láìwọ bàtà. Ó fi orí rẹ̀ kan orí ẹṣin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sọ fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó wọn ti dìde."

Ó bímọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́sàn-án gangan, gbogbo òpópónà sì wá wò ó. Akọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Baba jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń na ọwọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ wò ó! Ó ń sáré kiri ulé mi!" Ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ ẹṣin náà dàgbà lójú rẹ̀.

O ti mọ ẹni tí wolé-wolé náà jẹ́. Nígbà tó wá tọrọ mi, bàbá mi ní, "Wolé-wolé? Nínú ilé mi?" ó sì sáré lọ wo ẹ̀yìn ilé bóyá omi wà nínú agolo.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù, mo kàn máa jù wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá ti wá sọ́kàn, torí ọwọ́ ti ń ro mí.

Má gbàgbé àwọn ẹranko kéékèèké. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ẹṣin. Adìyẹ tí kókó sọ lójú àti lára ògbe, ẹ̀fọn lè ti jẹ ẹ́. Àjẹsára rẹ̀ wà, fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ajá tó ń húkọ́ tó sì máa ń tètè rẹ̀, rántí pé ẹ̀fọn lè gbé aràn wọ inú ọkàn ajá. Àgùntàn tí oyún ń bàjẹ́ lára wọn lẹ́yìn òjò ńlá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán gbé oyún náà, má sì jẹ́ kí wọ́n dúńbú èyí tó ń ṣàìsàn fún ọbẹ̀, torí irú àrùn bẹ́ẹ̀ lè wọ ara ènìyàn. Bí o bá rí òkú ẹyẹ púpọ̀ nínú ọgbà, má kàn gbá wọn dànù. Béèrè ohun tó pa wọ́n. Àjẹsára èyíkéyìí tó bá wà fún ẹṣin ní ilẹ̀ wa, lọ wá a kí òjò tó dé. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí mo sọ níbẹ̀ kì í ṣe ti dúrọ́ọ̀mù o!

Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀, o sọ pé púpọ̀ nínú wọn ti tó bàbá rẹ. Kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Kí o tó kọ́ wọn ní nǹkan kan, béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ ìwà ẹṣin kọ̀ọ̀kan: èyí tí kì í jẹun bí òjò bá ń ṣú, èyí tó ń bẹ̀rù agboòrùn. Bí wọ́n bá jiyàn pé tanwíjí kò ṣe nǹkan, má bá wọn jà. Ìwọ náà mọ ohun tí ó yẹ kí o fi sójú fèrèsé.

Má sì fi iṣẹ́ pa ara rẹ. Ẹ̀fọn kò mọ dókítà. Sùn sínú àwọ̀n, Ìbùkún, kí o sì máa jẹun.

Bàbá rẹ ti dìde kúrò lábẹ́ máńgòrò báyìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kí ọ, pé Ọlọ́run á fi ìmọ̀ sí ọ lórí, á sì fi ẹ̀sọ̀ sí ọ lọ́wọ́. Mo ṣe àmín sí i. Ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá gọ́tà ibẹ̀ dára. Mo ní kó kọ tirẹ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ gan-an kò mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé Olóyè Fálànà, mo fọ ẹṣin, mo bọ́ ẹṣin, mo gbẹ̀bí ẹṣin. N kò gùn ún rí. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Lẹ́yìn náà oyún rẹ̀ tóbi, lẹ́yìn náà ó ń ṣàìsàn, lẹ́yìn náà ó ń fún ọmọ lọ́mú, lẹ́yìn náà mo lọ sílé ọkọ. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Èmi kò tilẹ̀ gùn ún kí ó tó dá mi.

Mo ti bá Ìyá Káyọ̀dé sọ ọ́, yóò máa bá wa fún adìyẹ lóúnjẹ. Lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti bàbá rẹ ń bọ̀ wá kí ọ. Mo ti rán ṣòkòtò kan. Wá èyí tó jẹ́ jẹ́jẹ́ jù nínú àwọn ẹṣin méjìlá náà, ìyá arúgbó tí kì í kánjú, kí o dì í ní gàárì, kí o sì gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí orúnkún mi.

Má sọ fún bàbá rẹ. Mo fẹ́ kí ó yíjú, kó sì rí mi lókè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màámi.